Ẹ̀ńjìnnì Tí A Yọ Tí Kò Dákẹ́

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí, etí mi ni mo sì fi gbọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi nínú ọkọ̀ Igbókọ̀dá, n kò sì gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń jókòó sórí afárá pákó sọ̀rọ̀ kiri. Mo wà níbẹ̀. Ìwé kẹrin ni mo kà dé kí n tó bọ́ sínú ọkọ̀ bàbá mi, ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀ńjìnnì, ẹ bi wọ́n láti Mahintẹ̀dó títí dé etí òkun. Ẹ̀rọ tí n kò bá tíì fojú rí, bí mo bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀ láti òkèèrè, màá sọ ibi tó ti ń dùn ún. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, òkun nìkan ló kù. Nígbà tó kọ́ ilé náà, ilé ló wà níwájú rẹ̀, ilé tún wà níwájú ìyẹn. Òkun ti jẹ gbogbo wọn. Ohun tó dá òkun dúró lọ́wọ́ ilé ẹ̀gbọ́n mi kò ju òkìtì iyanrìn gígùn kan lọ, èyí tí abúlé ń fi katapílà kékeré kan mọ. Ẹ̀rọ yẹn kò ga ju ààrò ẹja méjì tí a tò léra wọn lọ. Bẹ́líìtì rọ́bà fífẹ̀ ló fi ń rìn kí ó má baà rì sínú ẹrẹ̀, garawa ńlá sì wà níwájú rẹ̀ tó fi ń kó iyanrìn. Orí ọkọ̀ méjì tí a so pọ̀ la ti gbé e wá. Èmi ni mo júwe bí wọn yóò ṣe so ó.

Ẹni tó ń wà á jẹ́ ọmọ abúlé wa, ọkọ̀ ayára ojú omi ló ti ń wà tẹ́lẹ̀ kó tó gun katapílà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Omi òjò là ń mu lọ́dọ̀ wa, a kì í fi ṣòfò. Nígbà tí rédíétọ̀ ẹ̀rọ gbẹ, ó wo omi òjò inú àgbá, ó wo odò, ó sì bu omi odò oníyọ̀ sínú rẹ̀. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí rú èéfín funfun ni wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí.

"Ṣé ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ lo pe eléyìí ni?" mo bi í.

"Ọ̀gá, gbogbo ẹ̀ńjìnnì tí mo ti bá ṣiṣẹ́ láyé mi, omi odò ni wọ́n ń mu."

"Òun náà ti mu ún. Ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Mo ní kí ó tan án kí n gbọ́. Písítìnì mẹ́rin ló ní. Mẹ́ta ń dún, èyí kẹrin ń fò: gbì, gbì, gbì, àlàfo. Gbì, gbì, gbì, àlàfo. Mo sọ fún wọn pé kò sí àtúnṣe níbẹ̀, àfi kí a yọ ọ́ ká fi òmíràn sí i. Mo lọ sí Igbókọ̀dá fúnra mi, mo sì yan ẹ̀ńjìnnì tòkunbọ̀ tó dára jù lára gbogbo èyí tí wọ́n tò sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró tì mí bí mo ṣe ń tú nọ́ọ̀tì. "Ìwọ ọmọ yìí, òṣùpá tuntun ti fẹ́ lé o. Bí omi rẹ̀ bá bá òkìtì yìí báyìí, ilé mi ni yóò mú."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá sùn lọ́dọ̀ mi títí a ó fi parí ẹ̀."

"Nínú ilé rẹ tó ń rùn fún ọ́ìlì? Kí àwọn oníbàárà mi máa sọ pé dísù ni mo fi yan ẹja?" Ó kọ̀ jálẹ̀. Ẹrù rẹ̀ kan kò kúrò nínú ilé.

Igi ẹ̀gbà mẹ́ta la rì mọ́lẹ̀ tí a so lórí pọ̀. Okùn àwọ̀n ńlá la fi kọ́ ẹ̀ńjìnnì, ọkùnrin mẹ́jọ ń fà, èmi ń pàṣẹ. Mo ti tú bátìrì, mo ti já gbogbo hóòsì, mo ti yà á kúrò lára ẹ̀rọ tó ń ti ọ́ìlì sí apá garawa. Ó jáde wẹ́rẹ́. A gbé e sórí pákó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi nítorí ibẹ̀ ló gbẹ. Nígbà tí mo ṣí orí rẹ̀, iyọ̀ ti gba gbogbo ihò tí omi ń gbà kọjá, ó funfun, ó le bí òkúta. Kò sí dísù nínú rẹ̀ mọ́. Kò sí bẹ́líìtì fáànù. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mò ń nu ẹ̀ńjìnnì tòkunbọ̀ lọ́wọ́. Oòrùn kò jáde. Òkun dákẹ́ lọ́nà tí n kò fẹ́ràn, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìgbà tí ọ́ìlì bá dà lé omi lórí. Àwọn ẹyẹ funfun tó máa ń wà létí omi, mi ò rí ẹyọ kan. Awakọ̀ di apá mi mú.

"Ọ̀gá, ẹ gbọ́."

Mo gbọ́. Láti ọ̀nà òkìtì iyanrìn ló ti ń wá, ó jìnnà díẹ̀, ó rẹlẹ̀: gbì, gbì, gbì, àlàfo.

Àwa méjèèjì yíjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Irin àtijọ́ náà jókòó sórí pákó, eṣinṣin ń rìn lára rẹ̀.

"Ẹ̀ńjìnnì wa nìyẹn," ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ta ló wá ń wà á nígbà náà?"

"Mi ò fẹ́ mọ̀, Ọ̀gá."

Èmi lọ wò ó. Ẹ̀rù kì í tètè bà mí. Mo rin òkìtì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ẹnikẹ́ni, kò sí ọkọ̀ lójú omi. Bí mo bá dúró, ohùn náà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá rìn, ó tẹ̀lé mi. Nígbà tí mo padà, ẹ̀gbọ́n mi gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin àtijọ́ náà. "Wá fọwọ́ kàn án," ó ní. Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná díẹ̀. Oòrùn kò sì jáde láti àárọ̀, mo ti sọ bẹ́ẹ̀.

Mo bá yára. Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ohùn náà ń dún. A sọ tuntun náà kalẹ̀ sínú ẹ̀rọ, mo mú un bá ihò nọ́ọ̀tì rẹ̀ mu láì lo ju ìka mi lọ. Mo da ọ́ìlì sí i, mo fi omi òjò kún rédíétọ̀ fúnra mi, mo sì fa afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú páìpù dísù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, ó sì dáhùn. Mẹ́rin ń dún, kò sí àlàfo. Àwọn èèyàn hó. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn tó lè ṣe é.

Awakọ̀ wà á gun òkìtì, ó bu iyanrìn, ó dà á. Ó tún bu. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí ga. Mo rí i tó dúró, tó ń wo ilẹ̀. Mo ké sí i pé kó pa á kí n gbọ́. Ó pa á.

Ohùn tuntun dákẹ́. Gbì, gbì, gbì, àlàfo kò dákẹ́. Ó ti ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá, mo ti pa á o! Ẹ wò ó!" Ó sọ̀ kalẹ̀, ó sáré wá fi kọ́kọ́rọ́ náà lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi jáde pẹ̀lú ariwo. "Ta ló ń lu abẹ́ ilé mi? Gbogbo àwo mi ń mì lórí pẹpẹ!" Àwọn aládùúgbò tó kù náà ti jáde, tọkùnrin tobìnrin, kálukú ń wojú mi bí ẹni pé iṣẹ́ mi ló ń dún bẹ́ẹ̀. N kò lè gba ìyẹn. Mo di ìró tí ẹ̀gbọ́n mi ró mú bó ṣe fẹ́ padà wọlé.

"Ẹ dúró kí ẹ ṣe ẹlẹ́rìí mi. Kọ́kọ́rọ́ rèé lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe ẹ̀ńjìnnì mi!"

"Fi ìró mi sílẹ̀, ẹja mi wà lórí iná!"

"Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ lójú wọn pé kì í ṣe ẹ̀ńjìnnì mi."

Ìgbà tí a ń fa ìró yẹn mọ́ra wa lọ́wọ́ ni òkìtì iyanrìn rọ̀ sílẹ̀ láàárín. Kò pariwo. Katapílà tẹ orí ba, garawa ló kọ́kọ́ wọlẹ̀, lẹ́yìn náà ìjókòó, omi sì pàdé lórí rẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n mi dúró díẹ̀ sí i lórí àwọn igi rẹ̀, èéfín ẹja ṣì ń jáde lára òrùlé. Ó wá yí ẹ̀gbẹ́ kan sí òkun, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ṣíwájú. Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Ó di ọwọ́ mi tó wà lára ìró rẹ̀ mú, kò sì jẹ́ kí n fi sílẹ̀.

Àwọn kan ní omi ló ti gbẹ́ ihò sábẹ́ iyanrìn láti ọjọ́ yìí wá, pé òun ló ń lu bẹ́ẹ̀. N kò bá wọn jiyàn. Omi lè lu ilẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ohùn ẹ̀ńjìnnì tí mo fọwọ́ mi yọ, mo sì mọ písítìnì tó ń fò.

Ohun tó lọ rèé. Ilé kan, yàrá mẹ́ta. Ààrò ẹja méjì, àti ẹja tó wà lórí wọn. Igi àgbọn márùn-ún. Katapílà kan pẹ̀lú ẹ̀ńjìnnì tuntun inú rẹ̀. Ẹ̀ńjìnnì àtijọ́ kan. Àpótí sípánà mi. Èèyàn kankan kò lọ.