Wọ́n Ní Ẹnu Mi Ló Ba Sáà Jẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ, mo sì lè tún un sọ níbí láì yọ ọ̀kan kúrò. Mo ní: "Wọ́n ti ta ẹni tó ń darí ẹ̀yìn wa. Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún ni. Ọjọ́bọ̀ àti òpin ọ̀sẹ̀ la ó máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún yìí, àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa kò sì tó. A ò ní wọ ipò mẹ́rin àkọ́kọ́." Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. N kò ṣépè, n kò sì bú ẹnikẹ́ni. Bí ẹni gbójú sókè tó ní òjò ń ṣú ni mo ṣe sọ ọ́, n kò sì tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti mú ẹni tó ní òjò ń ṣú pé òun ló da omi sílé àwọn.

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan ní Iléṣà ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Sẹ́ńtà la máa ń pè é. Páànù ni òrùlé rẹ̀, bẹ́ǹṣì onípákó ló kún inú rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ńlá méjì sì wà lára ògiri iwájú. Ọmọ Òṣogbo ni ẹni tó ni ín, láti ìdílé Mùsùlùmí kan tó ń ránṣọ láti ayé bàbá ńlá wọn. Ó fẹ́yàwó ní Iléṣà, kò sì padà sílé mọ́. Àlájì ni gbogbo wa ń pè é. Láàárín àwọn bẹ́ǹṣì wọ̀nyẹn, àga kan ṣoṣo ló ní ẹ̀yìn tó sì ní apá. Ìrókò ni wọ́n fi kàn án. Bàbá mi ló gbé e wá láti ilé lọ́dún tí wọ́n ṣí sẹ́ńtà náà, torí pé ẹ̀yìn ń dùn ún.

Tíṣà ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà ló gba oko kòkó bàbá tirẹ̀ ní Ìwàrà mú, ṣùgbọ́n Sátidé kò bá a lóko rí. Láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ló ti ń mú mi dání lọ sí sẹ́ńtà, èmi obìnrin kan ṣoṣo láàárín òórùn òógùn àti ariwo wọn. Òun ló fi òfin kan lélẹ̀ níbẹ̀. Ní Sátidé tó ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ sáà, gbogbo àwa tí à ń ṣe ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ńlá kan nílùú òyìnbó a pé jọ, Mùsùlùmí kan a gbàdúrà, Kìrìsìtẹ́nì kan a gba tirẹ̀, oníkálukú a wá sọ ibi tó rò pé a ó bá sáà já. Òfin bàbá mi ni pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀, ẹni tí kò bá ní ìdí kó jókòó. Àwa Ìjẹ̀ṣà a máa pe ilé ní ulé, ìdí sì ni à ń pè ní ùdí. Bàbá mi tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ na ọmọ ọlọ́mọ nítorí èdè tó gún, èdè ilé ló máa ń ti ẹnu rẹ̀ jáde bí àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù bá ti gbóná. Á na ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀: "Kí ni ùdí ẹ̀?" Mo ti rí i tí àgbàlagbà jókòó wọ̀ọ̀ nítorí ìbéèrè yẹn.

Nígbà tí bàbá mi kú, Alága àwa ará sẹ́ńtà, tó ti ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ rí, ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé àga Tíṣà kì í ṣófo, kí n jókòó. Ọdún mẹ́fà ni mo jókòó síbẹ̀. Òṣogbo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́ báyìí, ọkọ̀ Iléṣà ni mò ń wọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ọdún mẹ́fà yẹn. Nínú wọn, kò sí ẹni tó ní ẹnu mi burú.

Ọjọ́ ìpàdé ìbẹ̀rẹ̀ sáà tí mò ń sọ yìí, onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́ńtà ló kọ́kọ́ ta wá lẹ́nu. Ẹgbẹ́ alátakò wa ló ń ṣe, kì í sì í pa ìpàdé wa jẹ, torí pé ibẹ̀ ló ti ń rẹ́rìn-ín ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní ìgbà tí a gba ife líìgì kẹ́yìn, òun ò tíì gbéyàwó. Àkọ́bí òun ti wọ yunifásítì báyìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Alága dìde, ó ní ọdún yìí ni ọdún wa. Ohun tó sọ lọ́dún tó kọjá nìyẹn, òun ló sọ lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í ní ìdí. Àwọn méjì mìíràn dìde, wọ́n ní Ọlọ́run ń bẹ, wọ́n sì jókòó, bí ẹni pé Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wa. Ìgbà náà ni mo sọ gbólóhùn mẹ́rin mi.

 Alága tún dìde.

"Ọmọ Tíṣà, kó ọ̀rọ̀ yẹn padà."

Mo ní, "Ẹ dá mi lóhùn, sà. Èwo ni irọ́ níbẹ̀?"

"Ẹnikẹ́ni ò ní irọ́ ni. Ẹnu ló ń ba nǹkan jẹ́."

Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Wọn ò ní irọ́ ni mo pa. Wọn ò ní ẹni tí a rà kò ṣe iṣẹ́ abẹ. Gbogbo wọn mọ̀ pé òótọ́ ni, òótọ́ náà ló sì di ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ eré ìdárayá lórí rédíò ní Òṣogbo sọ ohun tí mo sọ, ó tilẹ̀ fi kún un pé gólì tó ń ṣọ́lé fún wa ti ń dàgbà. Àwọn ará sẹ́ńtà pè é lórí fóònù láti kí i pé ó mọ bọ́ọ̀lù. Onígbàjámọ̀ náà ti ń sọ ọ́ lọ́dọọdún pé a ò ní rí nǹkan gbà, ẹnu tirẹ̀ kò burú. Ẹnu obìnrin tó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀ nìkan ló burú.

Sáà bẹ̀rẹ̀. A gbá ọ̀mì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n nà wá lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún sì ń tiro kúrò lórí pápá níṣojú gbogbo ayé. Ní Sátidé kẹrin, mo dé sẹ́ńtà, n kò bá àga níbi tó máa ń wà. Ìta ni mo ti rí i, lábẹ́ etí òrùlé páànù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀. Wọ́n gbé gálọ́ọ̀nù bẹntiróòlù lé e, ọ́ìlì dúdú sì ti ro sórí ìjókòó rẹ̀, ó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì ní fífẹ̀. Àlájì kò lè wò mí lójú. Ó ní wọ́n ní kí òun gbé e síta fúngbà díẹ̀ ni, kí n máa wo bọ́ọ̀lù nílé títí ara ẹgbẹ́ yóò fi yá, kí n ṣe sùúrù, pé sùúrù ni baba ìwà. Mo bi í léèrè bóyá sùúrù náà ló gbé gálọ́ọ̀nù lé àga olóògbé. 

Mo kọ lẹ́tà sí Alága. Ojú ìwé méjì ni. Mo kọ ọjọ́ tí mo sọ̀rọ̀ síbẹ̀, mo kọ ohun tí mo sọ, mo kọ ohun tó sọ fún mi lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn nípa àga náà, mo sì kọ bí àbàwọ́n ọ́ìlì ṣe fẹ̀ tó. Ní ìparí mo ní kó jọ̀ọ́ tọ́ka sí gbólóhùn tó jẹ́ èpè nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò dá mi lóhùn. Onígbàjámọ̀ ló sọ fún mi pé lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ Alága ní sẹ́ńtà lọ́jọ́ tí iná lọ tí ooru mú, ó sì ń fi í fẹ́ ara.

Lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nà wá, wọ́n wá sílé wa. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni, ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Alága ló ṣáájú, Àlájì tẹ̀ lé e, onígbàjámọ̀ ló kẹ́yìn, ó ní òun wá ṣe ẹlẹ́rìí ni. Wọ́n gbé ìgò oyin kan àti orógbó méje lọ́wọ́, bí àwọn tó fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ. Alága dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ìyá mi.

"Màmá, ẹ bá wa bẹ ọmọ yín, kó tú ẹgbẹ́ wa sílẹ̀."

Ìyá mi wò ó, ó wò mí. "Tú kí ni sílẹ̀? Ta ló so ó?"

Onígbàjámọ̀ bọ́ síta lọ rẹ́rìn-ín. Alága bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti orí gbólóhùn mi, ó sì ṣe é dáadáa. Kò gbàgbé orúnkún, kò gbàgbé Ọjọ́bọ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ka lẹ́tà mi. Ó há gbogbo ọ̀rọ̀ mi sórí, kò sì ro ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn wò.

Ìyá mi fà mí wọ yàrá. Ó ní àwọn àgbàlagbà kì í dọ̀bálẹ̀ lásán, pé kí ló máa ná mi, kí n ṣáà wí pé kó dáa fún wọn kí wọ́n máa lọ ulé. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rin kọ́ ìmọ̀ ìṣirò ní yunifásítì. Mo padà sí pálọ̀, mo ní mo gbọ́, ṣùgbọ́n àga bàbá mi á kọ́kọ́ padà sípò rẹ̀, nínù sì ni wọn ó nù ún. Wọ́n gbà kíákíá. Mo mú orógbó, mo ní kí ẹgbẹ́ wa rọ́wọ́ mú. Ojú tì mí. Bàbá mi ń wò mí láti inú fótò tó wà lára ògiri.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a borí pẹ̀lú góòlù mẹ́rin sí òdo. A tún borí lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin. Mo mọ ìdí rẹ̀: wọ́n ti yọ ẹni tó ń tiro, wọ́n fi ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan sí ẹ̀yìn, ọmọ náà sì gbóná. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Wọ́n mi orí, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ bí àwọn tó mọ àṣírí tí mò ń fi pamọ́.

Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣe mí lóṣé tó ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ. Àga ti padà lóòótọ́, wọ́n tilẹ̀ tẹ́ aṣọ lé e. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti yanu, gbogbo ilé á pa rọ́rọ́. Bí mo bá ní ó ti rẹ ẹni tó wà lápá òsì, wọ́n á ní Ọlọ́run má jẹ́. Bí mo bá ní atamátàsé wa ti ń mọ ibi tí yóò dúró sí, wọ́n á ní àmín. Ẹnikẹ́ni ò bá mi jiyàn mọ́. Wọ́n ń gbọ́ mi báyìí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ààrá. Bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá ní bọ́ọ̀lù yẹn kọjá ìlà, tí mo ní kò kọjá, á ní "Ẹ jọ̀ọ́, Ọmọ Tíṣà," á sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi díẹ̀.

Mo fi ara dà á títí sáà fi ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta. Ipò keje la wà. Bí a bá tilẹ̀ borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ẹgbẹ́ tó wà lókè sì pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ wa kò ní tó o. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó mọ ìyọkúrò lè rí i. Ní Sátidé yẹn, kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, mo dìde lórí àga bàbá mi.

"Ẹgbẹ́ wa ló máa gba líìgì lọ́dún yìí."

Mo dúró. Mo ń retí kí ẹnìkan ní irọ́ ni. Mo ń retí kí ẹnìkan tilẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Alága di ojú rẹ̀, ó ní àmín. Àlájì ní àmín, ó fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú. Mo yíjú sí onígbàjámọ̀, ẹni tó bá bàbá mi jiyàn fún ogún ọdún, tí wọ́n jọ ń já ara wọn sí irọ́ títí ohùn wọn á fi ha. Ó la ẹnu. Ó wò mí. Ó sì pa á dé. Tirẹ̀ ló dùn mí jù.

Mo ká aṣọ wọn kúrò, mo sì gbé àga náà. Ó wúwo, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gbé e. Alága tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà.

"Ọmọ Tíṣà, kí la tún ṣe?"

Mo ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ ni, sà. Ẹ bi mí ní ìdí rẹ̀."

Ó wo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tún wò mí, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí bí ẹni ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀: "Ìdí kí ni?"

Kẹ̀kẹ́ márúwá ló gbé èmi àti àga délé. Ipò keje la wà tí sáà fi parí, ìyẹn ni pé a ò wọ mẹ́rin àkọ́kọ́, kò sì sí ẹni tó pè mí láti ní òótọ́ ni mo sọ. Àga náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá mi. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo ti fi kẹrosíìnì nù ún, mo ti fi sáńpépà fá a; àbàwọ́n náà kò lọ.

Sáà tuntun ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni Alága ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé kí n jọ̀ọ́ wí nǹkan rere kan fún ẹgbẹ́. N kò dá a lóhùn. Ìdí rẹ̀ wà, bí ẹnìkan bá bèèrè.