Mùkáílà àti Katakata Onítáyà Mẹ́jọ

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, bóyá ni ẹni tó ń fi mọ́tò jẹun wà ní Ìlọrin tí kò mọ Mùkáílà Elétí-gbáròyé. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń wá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Bí ẹ́ńjìnnì kan bá ń ṣe ségesège, tí gbogbo mẹkáníìkì àdúgbò Challenge ti tú u tú u tí ó sú wọn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọn yóò ní kí wọ́n gbé e lọ. Kò ní kọ́kọ́ fọwọ́ kan sípánà. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni yóò fi orí rẹ̀ lé ara ẹ́ńjìnnì, yóò fi ìdí rẹ̀ ti ihò etí, yóò sì dijú bí ẹni tó ń gbọ́ wáàsí. Nígbà tó bá lajú, yóò ní, "Bíárìn kẹta ni. Ẹ má tú ìyókù." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọn yóò sì bá a. Àwọn ọ̀gá ìjọba ní GRA a máa fi awakọ̀ wọn sílé, wọn a wa mọ́tò wá fúnra wọn, kí Mùkáílà lè bá wọn fetí sí i.

Lọ́dún tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, etí náà ti kú. Mùkáílà ti pé ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Etí òsì ló kọ́kọ́ di, ọ̀tún sì ń tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, débi pé bí ènìyàn kò bá dojú kọ ọ́ kó rí ẹnu onítọ̀hún, ariwo lásán ló ń gbọ́. Bàríkísù ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Òun nìkan ni ọkọ rẹ̀ jẹ́wọ́ fún pé ní mọ́sáláṣí, ọwọ́ ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun ni òun ń ṣọ́ kí òun tó mọ̀ pé ìmáàmù ti tẹ orí ba fún rúkúù.

"Bàbá Husseinat, ẹ sọ fún Salman ọmọṣẹ́ yín," ni obìnrin náà ń wí ní gbogbo ìgbà.

"Kí n sọ kí ni fún un? Pé ọ̀gá rẹ̀ ti di odi?"

"Etí dídi kì í ṣe odi."

"Fún ẹlòmíràn. Fún èmi, ọ̀kan náà ni."

Bàríkísù mọ̀ pé ohun tí ọkọ òun ń sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ etí yìí burú ni katakata kan. Nígbà tí Mùkáílà wà ní ọ̀dọ́, ìjọba dá oko ńlá kan sílẹ̀ ní ọ̀nà Jẹ́bbá, wọ́n sì kó katakata mẹ́rin wọlé láti ìlú òyìnbó. Kì í ṣe irú èyí tí a ń rí káàkiri lónìí. Táyà mẹ́jọ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, méjì méjì ní igun kọ̀ọ̀kan, táyà kan sì ga ju ènìyàn lọ. Àárín rẹ̀ ló ti ń ṣẹ́ bí ìbàdí ìkamùdù bó bá fẹ́ yà, gbogbo táyà rẹ̀ ló sì ń fi agbára yí lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ẹrẹ̀ tó lè dì í mú. Mùkáílà wà lára àwọn ọmọ ogún ọdún tí wọ́n kọ́ ní ìtọ́jú wọn. Nígbà tó yá, oko dàrú, àwọn òyìnbó lọ, igbó bo katakata. Àwọn oníirin àlòkù gé mẹ́ta wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ìkẹrin ni Mùkáílà fi ẹ̀bẹ̀ gbà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Challenge kò gbà á, ló bá kó ṣọ́ọ̀bù kúrò láàárín ìlú, ó lọ sí ẹ̀yìn Adéwọlé níbi tí ilẹ̀ gbé tẹ́jú.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi tún un ṣe. Ó ha ìpẹtà kúrò, ó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tó ti gbẹ, ó wá táyà láti Kàdúná dé Ìbàdàn. Àwọn olè ti tú ẹ́ńjìnnì ti àtìbẹ̀rẹ̀ tán kó tó dé ibẹ̀, nítorí náà ẹ́ńjìnnì tírélà kan tó ṣubú ló gbé sí i. Ẹ́ńjìnnì yìí kò fẹ́ wọ àyè rẹ̀. Agbada tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí ọ́ìlì ń dúró sí, kan irin àárín katakata. Wọ́n ní láti gé agbada náà, kí wọ́n fi iná jó o pọ̀ padà kó pẹlẹbẹ kó sì gùn.

Salman ló bá a ṣe iṣẹ́ yìí. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gba fúrídọ́ọ̀mù láti ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó sì ní ọmọ mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n fẹ́ parí iṣẹ́, ó dúró níwájú ọ̀gá rẹ̀.

"Ọ̀gá, mo ní ẹ jẹ́ ká fi aago tó ń sọ bí ọ́ìlì ti ń lọ síwájú awakọ̀. Agbada yìí ti pẹlẹbẹ jù. Bí ọ́ìlì bá sá sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ilẹ̀ tó dà, irin inú ẹ́ńjìnnì á máa gbẹ, a ò sì ní mọ̀."

Mùkáílà wo ẹnu rẹ̀ títí ó fi sọ ọ́ tán. "Salman, nígbà tí mo ń kọ́ ọ níṣẹ́, aago wo lo rí lọ́wọ́ mi?"

Salman rẹ́rìn-ín. "Kò sí, ọ̀gá."

"Kí ni mo fi ń mọ̀ nígbà náà?"

"Etí ni, ọ̀gá."

"Ó dáa. Bá mi gbé sípánà yẹn."

Bàríkísù wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, oúnjẹ ló gbé wá. Ó fi abọ́ sílẹ̀, ó sì lọ láì dágbére.

Bó bá jẹ́ ti Mùkáílà nìkan ni, à bá ní ó ń fi irin ṣeré. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ogún ilé ló so mọ́ ẹ́ńjìnnì náà. Láwàl, àbúrò Mùkáílà, ló ń darí àwọn àgbẹ̀ ní Búdó Àgbẹ̀dẹ, abúlé bàbá wọn. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé náà ti bá ọ̀kadà lọ sí Èkó, àwọn tó kù ti dàgbà ju ẹni tó lè fi ọkọ́ kọ oko ńlá. Katakata àháyá, èyí tí wọ́n ń fi owó yá, ni wọ́n gbójú lé, ọdọọdún ni wọ́n sì ń tò sí ìlà rẹ̀. Lọ́dún yìí, ó kàn wọ́n ní kùtùkùtù, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí. Láwàl sọ fún ẹni tó ni katakata náà pé, "Ẹ gbé e lọ sí abúlé kejì. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé tiwa bọ̀." Kò sí ẹni tó bá a jiyàn. Ta ni yóò jiyàn pẹ̀lú ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́ Elétí-gbáròyé?

Òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí katakata tó jáde. Ní ṣọ́ọ̀bù, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó ti ṣiṣẹ́ fún odidi wákàtí kan láì ní wàhálà. Mùkáílà fúnra rẹ̀ ló wà á dé Búdó Àgbẹ̀dẹ ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀, Salman ń fi ọkọ̀ kékeré tẹ̀ lé e. Gbogbo abúlé jáde.

"Sùbúhànáláì! Ó tóbi ju mọ́sáláṣí wa lọ," ni bàbá àgbàlagbà kan wí.

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ìmáàmù gbọ́," ni Láwàl dá a lóhùn. "Yóò ní inú rẹ̀ la ó ti máa kí jímọ̀."

"Àlájì, ṣé kò ní gbé ilẹ̀ wa lọ báyìí?" ni ẹlòmíràn bi Mùkáílà.

Mùkáílà rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n so irin ìtúlẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó ní "Bísímílà," ó fi í sí jíà.

Ilẹ̀ Búdó Àgbẹ̀dẹ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí odò. Poro àkọ́kọ́ gùn tó ọ̀nà mọ́sáláṣí sí ọjà, ilẹ̀ dúdú ń yí padà lẹ́yìn katakata bí ẹni ń ká ẹní. Ní poro kejì, àwọn obìnrin ti ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń yọ gbòǹgbò kúrò. Mùkáílà jókòó sókè, ó ń mọ ìgbọ̀nrìrì ẹ́ńjìnnì nínú egungun ìdí rẹ̀. Ó sọ lẹ́yìn náà pé láti ọdún mẹ́rin tí etí òun ti di, ọjọ́ yẹn ni inú òun kọ́kọ́ dùn dénú. Ó dá òun lójú pé òun ń gbọ́ ọ. Àṣé ohun tí òun ń gbọ́ ni ẹ́ńjìnnì tí òun ti mọ̀ nígbà èwe, kì í ṣe ti tírélà tó wà lábẹ́ òun.

Ní poro kẹta, bó ti dorí kọ òkè, ó rí Salman ní òkè oko, tí ó gbé ọwọ́ sókè. Mùkáílà gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, ó kí i padà. Salman rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Kò tíì rìn ju ìwọ̀n ọgbọ̀n ẹsẹ̀ lọ nígbà tí ìjókòó rẹ̀ ta á sókè. Katakata dúró gbọn-in. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó rí ihò tó gba ìkúùkù ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, irin kan ti gba ibẹ̀ yọ síta, ọ́ìlì gbígbóná ń ṣàn sínú poro. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀, Mùkáílà kò gbọ́.

Láwàl àti àwọn àgbà lọ jókòó sábẹ́ igi igbá. Salman nìkan ló dúró. Mùkáílà di apá rẹ̀ mú, ó yí i kó dojú kọ òun.

"Ṣé ó ké?"

Salman wo ilẹ̀.

"Wo ojú mi. Ṣé ó ké kó tó kú?"

"Ó ké, ọ̀gá. Láti poro kejì ló ti ń ké. Kò, kò, kò, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn."

"Ìwọ nìkan lo gbọ́ ọ?"

"Gbogbo wa la gbọ́. Àbúrò yín bi mí pé ariwo wo nìyẹn. Mo dá wọn lóhùn pé ẹ̀yin lẹ wà lórí rẹ̀, ẹ̀ ń gbọ́ ọ, ẹ mọ ohun tó jẹ́."

"Kí ló dé tí o ò dá mi dúró?"

"Mo gbọ́wọ́ sókè. Ẹ kí mi. Ọ̀gá, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ta ni èmi tí màá sọ fún yín pé ẹ́ńjìnnì ń ké?"

Mùkáílà fi ara ti táyà.

"Mi ò gbọ́ ọ, Salman. Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ láti ọdún mẹ́rin."

Salman wò ó bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. Kò bú u, kò sì bẹ̀ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló bi í: "Àgbàlagbà bí èmi, ẹ ò lè finú hàn mí?" Salman kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó sì lọ.

Ẹ́ńjìnnì tó bá ti lu báyìí kò ṣeé jó. Láwàl lọ bẹ ẹni tó ni katakata àháyá, wọ́n ní ó di oṣù keje kó tó tún kàn wọ́n, nígbà tí àsìkò ti kọjá. Òjò ọdún náà dára, ó dára ju ti ọdún márùn-ún sẹ́yìn lọ. Àwọn àgbà Búdó Àgbẹ̀dẹ fi ọkọ́ kọ ìwọ̀nba tí agbára wọn ká ní ẹ̀yìnkùlé. Mùkáílà náà gbé ọkọ́ lọ bá wọn, ebè mẹ́rin ló kọ kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọ̀ fún un. Láwàl kò bá a wí. Omi mímu ló gbé fún un, ó sì na ọwọ́ sí ojú ọ̀nà pé kó máa lọ sílé.

Kò lọ síbẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gbọ́ ìròyìn fún un. Nígbà tí àgbàdo ti ń gbó níbòmíràn, Bàríkísù dé láti Búdó Àgbẹ̀dẹ, ó jókòó tì í, ó sì fẹnu sún mọ́ etí ọ̀tún rẹ̀. Ó ní koríko ti dé àárín táyà katakata. Ó ní Láwàl àti ìyàwó rẹ̀ kò sí nílé, wọ́n ti lọ ṣe alágbàṣe ìkórè ní abúlé kejì, lórí oko tí katakata àháyá tú dípò tiwọn.

Mùkáílà ní kó tún un sọ. Bàríkísù tún un sọ, ó pariwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, débi pé àwọn aládùúgbò gbọ́ ọ.