Ìdánwò Etí Tí Mo Ṣe fún Màmá Àgbà

Ẹ gbà mí o! Díẹ̀ báyìí ló kù kí ẹnu mi lé Màmá Àgbà kúrò ní Festac lónìí.

Dádì mi ló ní etí ìyá òun ti di. Ó ní bí òun bá pè wọ́n láti yàrá, wọn kì í dáhùn.

"Mọ́tò á gbá wọn níbí. Ìjẹ̀bú ni wọ́n ń padà sí lónìí!"

Mo ní kó jẹ́ kí n dán etí wọn wò ná. Mi ò sọ fún Màmá pé ìdánwò ni, kí wọ́n má baà ṣojú ayé. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà ní pálọ̀, mo bọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì. Mo fi ohùn Àǹtí Rẹ̀mí, ọmọ wọn tó ń gbé ní Alákijà, pè wọ́n jẹ́jẹ́:

"Màmá o!"

Wọn ò mira. Mo gbóhùn sókè díẹ̀. Pábó. Mo pariwo débi tí ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fi yọjú.

Màmá ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

Dádì ti ń fa àpótí wọn jáde. Mo sáré bọ́ síwájú wọn.

"Màmá, ẹ ò gbọ́ ni?"

Wọ́n fà mí létí.

"Látìgbà tó o ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ ni mo ti gbọ́! Rẹ̀mí ò sí nílé, ohùn ẹ̀ ń pè mí. Ta ní ń jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí?"

Dádì rọra gbé àpótí padà. Etí tèmi ló wá ń hó títí di báyìí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ máa dáhùn ni, àbí ẹ máa ṣa ẹ̀wà yín?