Ìwé Tí Wọ́n Kà Fún Igi

Mo rántí ìgbà tí ẹyin méjìlá di dọ́là méje ní Dallas, tí a ń wo adìyẹ bí ẹni ń wo ìyàwó gómìnà. Òrí àti ọṣẹ dúdú ni mo ń tà nígbà náà, nínú ọjà abẹ́ òrùlé kan ní Carrollton tí kì í ṣí ju Sátidé lọ. Ọmọ tuntun ni mo wá bá ọmọ mi tọ́jú, mo ní oṣù mẹ́ta ni n ó lò. Ọmọ tuntun ti ń lọ sí súkúù, ìyá àgbà ti gba ṣọ́ọ̀bù. Ìwé tí mo kà kò ju kíláàsì mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi ní ẹnu mi ti gboyè fásitì.

Bàbá àgbàlagbà kan tó ń ta bùláńkẹ́ẹ̀tì ni aládùúgbò mi nínú ọjà náà. Ó wà lára àwọn tó ti ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó kankan tó débẹ̀. Ìlú wọn wà ní New Mexico. Ọjọ́ tó sọ ọ́ fún mi, mo pariwo.

"Háà, Bàbá, ọmọ onílẹ̀ ni yín! Ní Èkó, ta ló máa da bíríkì kan sílẹ̀ tí ọmọ onílẹ̀ ò ní gbowó? Ẹ̀yin wá ń san rẹ́ǹtì?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mama, wọn ò bi wá léèrè."

Ní Sátidé kan, kí a tó pàtẹ, máníjà ọjà gun orí àpótí, ó ń ka ìwé kan bí ẹni tí ajá ń lé. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń kọjá létí mi bí ọkọ̀ lórí freeway. Ìyá mi sì ti kọ́ mi pé ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ tí kò dáhùn, òkú ni. Bó bá ti mí, mo mi orí: "Yes sir." Ó tún mí: "Yes sir." Nígbà tó parí, mo pàtẹ́wọ́. Èmi nìkan ni mo pàtẹ́wọ́.

Mo ń to ọṣẹ lọ́wọ́ ni mo rí i tí Bàbá ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà sínú àpò.

"Bàbá, ṣé wọ́n ti rà á tán lójú àlá ni?"

"Mama, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí kà?"

"Mo gbọ́ ohùn rẹ̀."

Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún mi: rẹ́ǹtì di ìlọ́po méjì, owó tí a fi dógò lọ́wọ́ wọn ti di tiwọn, ẹni tó bá sì ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn kíkà náà ti gbà bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ó ní irú ìwé yẹn kì í ṣe tuntun. Nígbà tí àwọn ará Sípéènì dé, wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń fi èdè tiwọn kà fún àwọn onílẹ̀: ọba Sípéènì ló ni yín báyìí, bí ẹ bá kọ̀, a ó jagun, a ó kó ìyàwó àtọmọ yín lẹ́rú, ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi. Nígbà mìíràn kò sí ẹnìkan níbẹ̀, igi ni wọ́n kà á fún.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Igi! Kí ni igi wí?"

"Igi ò wí nǹkan kan. Wọ́n ní ó ti gbà."

Ó ń bá a lọ jẹ́jẹ́: iṣẹ́ tipátipá lóko àti nínú ihò góòlù, àìsàn tí wọ́n gbé wá, orúkọ tí wọ́n pààrọ̀, ìletò tí kò ku ẹni tí yóò dáná. Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Igi dákẹ́. Èmi dáhùn, mo tún pàtẹ́wọ́ lé e. Igi gbọ́n jù mí lọ.

Mo kó ọṣẹ mi padà sínú páálí, mo lọ bá máníjà. Mo ní yes tí mo sọ, yes ọmọlúwàbí ni, mo sì ti gbà á padà. Ó ní ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi, gbogbo ọjà ló rí mi. Mo ní:

"Bí mo bá kí ọ káàárọ̀, ṣé mo ti fẹ́ ọ nìyẹn? Lọ tún un kà ní èdè tí kálukú gbọ́. A ò ní ṣí."

Obìnrin tó ń ta oúnjẹ tákò tì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ará Vietnam tó ń tún fóònù ṣe tì tirẹ̀. Sátidé mẹ́ta la fi jókòó síta nínú oòrùn Texas. Àwọn kan padà lọ ṣí ní Sátidé kejì. Mi ò bú wọn. Ó dáa, mo bú wọn díẹ̀.

Ní Sátidé kẹta, máníjà mú ìwé míì wá, ní Gẹ̀ẹ́sì tó yé èèyàn, ní Sípáníìsì, ní èdè Vietnam. Rẹ́ǹtì fi díẹ̀ gòkè, owó ìdógò wa sì padà di tiwa. Bàbá nawọ́ sókè. "Tèmi ńkọ́?"

"Sir, ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ló tún gbọ́ èdè yín níbí?"

"Nínú ilé wa, èmi nìkan ló kù. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí wọ́n kà á nìyẹn."

Bàbá gba ìwé náà, ó fi èdè rẹ̀ kà á fúnra rẹ̀, láti òkè délẹ̀. Gbogbo wa dìde dúró títí ó fi parí.

Lónìí, bí àwọn ọmọge tó ń tajà bá mú ìwé wá kí n fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí, mo máa ń ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kà á fún mi tán. Wọ́n á máa wo aago. Mo gbà fún wọn. Ìwà yìí ń náni lówó. Mo ṣírò ọjà tí mi ò tà ní Sátidé mẹ́ta yẹn, mi ò sì kábàámọ̀ kọ́bọ̀ kan níbẹ̀: ẹgbẹ̀ta dọ́là ó lé mẹ́tàlá.