Ìyá Aláṣọ Funfun Létí Omi

Ọdún tí ìjì ńlá wó igi lé wáyà iná, tí a wà nínú òkùnkùn títí ẹran fi bàjẹ́ nínú fíríìsà, ọdún náà ni. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ ọmọ mi. Ìyá rẹ ń ṣe nọ́ọ̀sì, èmi ń tọ́jú rẹ nílé wa ní Lake Arbor, lókè òkun níbí.

Ìyá Júù kan ni aládùúgbò wa, ó dàgbà jù mí lọ. Lọ́jọ́ kan, kí oòrùn tó wọ̀, ó kan ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ ló ń túmọ̀.

"Ó ní ààwẹ̀ ìrònúpìwàdà àwọn bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Bí òun bá ti ṣẹ̀ yín, kí ẹ dárí ji òun."

Kí àgbà máa bẹ̀ mí? Mo yára kúnlẹ̀. Ó rò pé mo ṣubú ni, ó ń fà mí lápá sókè.

"Sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan."

Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. "Ó ní ohun tí àbúrò òun obìnrin ń wí nìyẹn, táá sì pa fóònù. Nígbà tí ìyá wọn ń kú lọ, òun kò tètè pè é. Ó ní Ọlọ́run kì í bá ni dárí irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ jì, àfi kí ẹni tí a ṣẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Òní ni òun bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta."

"Ó dáa. Mo dárí jì yín, mà."

Lọ́jọ́ kejì ó jókòó létí adágún omi àdúgbò wa nínú aṣọ funfun, bàtà aláṣọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, torí wọn kì í wọ bàtà awọ lọ́jọ́ náà. Omi kò kan ètè rẹ̀. Èmi náà gbààwẹ̀, mo gbé àga mi tì í. A kò gbọ́ èdè ara wa. Ewé ń já bọ́ sórí omi, pẹ́pẹ́yẹ ń gba àárín wọn kọjá. Ebi sọ ohun gbogbo di fífúyẹ́; ó wá ń ṣe mí bí ẹni pé odò ilé wa ni, tí ìyá mi ń fọṣọ lódìkejì. Ìyá yìí á kàwé díẹ̀, á wo ojú títì. Wọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ilẹ̀kùn ọ̀run ń tì.

Oòrùn ti pọ́n nígbà tí ọkọ̀ kan dúró. Ojú kan náà ni ìyá yìí àti ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ní: àbúrò rẹ̀ ló wakọ̀ wá láti ìlú Accokeek. Ó dúró lórí koríko, ó fi ẹkún àti ìbínú sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wá rọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìwé bojú. Ìyá rẹ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé, ló sọ fún mi: "Ó ní, 'Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí. Mo dárí jì yín.'"

Nígbà tí ìyá rẹ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá jà lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n ń bẹ̀bẹ̀, tí ìyá rẹ ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kò ṣe nǹkan kan, mo ní, "Ó ṣe nǹkan. Sọ ohun tó dùn ọ́ fún un ná, kí o tó dárí jì í."