Ewé Tí Ìyá Eku Sè fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ìyá Eku ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kò sì bínú sí i. Òun ló ń tọ́jú àwọn eku funfun tí wọ́n fi ń dán oògùn jẹjẹrẹ wò. Ọ̀gá wọn a máa yọ omi ewé kan, a sì kó o sínú àwọn hóró ọ̀rá tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí wọn, kí wọ́n lè gbé e dé ìdí kókó jẹjẹrẹ láìba ibòmíì jẹ́.

Nígbà tí kókó ara àwọn eku bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, inú Ìyá Eku dùn ju ti ọ̀gá lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà, ní jẹjẹrẹ ọmú. Igi ewé náà sì wà lẹ́yìnkùlé wọn. Ó já a, ó sè é, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń mu ún láràárọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àfi bó ṣe ṣílẹ̀kùn yàrá eku láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó bá gbogbo eku inú àgò kan tí wọ́n nà gbalaja.

Ọ̀gá la ọ̀kan wò. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti wú bọ̀ǹbọ̀.

"Àwọn tá a fún ní omi ewé lásán nìyí," ọ̀gá ní. "Ara àwọn tá a fi hóró gbé e fún le. Ewé yìí ò ṣeé mu bẹ́ẹ̀ o!"

Ìyá Eku ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Kí ló dé, Ìyá Eku?"

"Kò sí o, mà."

Kò mọ bó ṣe délé. Ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ife lọ́wọ́. Ó já a gbà, ó dà á nù.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjú síbi ìmọ́lẹ̀."

Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bíi ti ẹni tó ní ibà pọ́njú.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà béèrè pé, "Kí lẹ̀ ń mu nílé?"

"Omi lásán ni," ẹ̀gbọ́n dáhùn kíá, ó sì fọwọ́ tẹ àbúrò rẹ̀ nítan.

Ìyá Eku gbé ọwọ́ náà kúrò. Tó bá sọ pé ewé tí wọ́n ń dán wò níbi iṣẹ́ lòun sè, iṣẹ́ lè bọ́. Tí kò bá sọ ọ́ ńkọ́?

"Irọ́ ni, dókítà. Èmi ni mo se ewé fún wọn."

Wọ́n dá ewé náà dúró. Ojú ẹ̀gbọ́n ń mọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ àwọn dókítà ní àwọn ò lè gé kókó ọmú náà àfi tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá sàn.

"Èyí tó wà nínú hóró tó o sọ fún mi yẹn," ẹ̀gbọ́n bi í lórí bẹ́ẹ̀dì, "ṣé kò tíì tó ohun téèyàn lè lò?"

"Kò tíì tó, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìyá Eku di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kókó náà ò kúkú dúró de ẹnikẹ́ni.