Ẹmu Tí Ìyá Bàbá Mi Fún Mi Mu

Ọdún tí bàbá mi ra fóònù àkọ́kọ́ wọn ni mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Yàrá kan la háyà ní Mowé. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà, màámi ń ránṣọ. Màámi kì í jẹ́ kí ọtí wọlé wa. Bàbá mi máa ń mu tiwọn níta kí wọ́n tó wọlé.

Nígbà ọlidé, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá mi ní Ifọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwa méjèèjì nìkan la wà nílé. Ìyá àgbà pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n bu ẹmu sínú ife kékeré kan, wọ́n ta díẹ̀ sílẹ̀, wọ́n wá na ìyókù sí mi.

"Màámi ní mi ò gbọdọ̀ mutí mà."

"Mo mọ̀. Ọmọ tí kò bá tọ́ ọ wò lọ́wọ́ àgbà, ọwọ́ ọmọ ìta ni yóò ti gbà á. Fẹnu kàn án."

Mo kúnlẹ̀ gbà á. Ó dùn, ó sì kan díẹ̀. Bí mo ṣe gbé e mì báyìí, ọkùnrin kan wúkọ́ nínú yàrá tó kọjú sí wa. Ikọ́ jẹ́jẹ́ ni, bíi ti ẹni tó fẹ́ ká mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn yàrá náà láti ìta, ó ti dípẹtà.

"Ìyá àgbà, ta ló wà níbẹ̀?"

"Bàbá àgbà ẹ ló ń kí ẹ. Dá wọn lóhùn."

Bàbá àgbà ti kú kí wọ́n tó bí mi. Mo ní, "Ẹ káàsán sà." Mo gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́.

Nígbà tí mo padà sí Mowé, mo jẹ́wọ́ ẹmu náà fún màámi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mi ò sọ ìyókù. Mo ń retí ẹgba. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ṣé wọ́n wúkọ́?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Èmi náà gbọ́ ọ, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bàbá ẹ. Àtọjọ́ náà ni mi ò ti fẹnu kan ọtí mọ́."

A ò mọ̀ pé bàbá mi ti dé ẹnu ọ̀nà. Mo rò pé wọ́n á fi wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó sórí àpótí pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Àtìgbà tí bàbá mi ti kú ni mo ti ń mu ẹmu ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn," ni wọ́n wí. "Wọn ò kí mi rí."

Látìgbà náà, bàbá mi kì í jẹ́ kí oṣù kan kọjá kí wọ́n má lọ mu ẹmu ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ifọ̀, bóyá bàbá wọn á kí wọn. Bí wọ́n bá padà dé, màámi á gbé oúnjẹ fún wọn, màámi ò sì ní bi wọ́n ní nǹkan kan.